Tolani Asuni àti Ìwádìí Lórí Ìpara-ẹni àti Bárakú Ọtí ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Tolani Asuni jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, ọ̀kan nínú ìran àkọ́kọ́ àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà dé ojú àmì tí wọ́n sì ṣe é ní ilé. Òun ni ó gba àkóso Ilé Ìwòsàn Ọpọlọ ti Aró, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1963. Àwọn onímọ̀ mọ̀ ọ́n jù lọ fún ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ọ̀ràn tí ènìyàn kì í fẹ́ sọ ní gbangba: ìpara-ẹni, ìpànìyàn, igbó mímu, àwọn wèrè tí ń rìn ká ìgboro, àti ọtí tí ó ti di bárakú. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1962 lórí ìpara-ẹni wà lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ Áfíríkà tí ó jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ kọ lórí ọ̀ràn náà láti inú àkọsílẹ̀ ìlú tirẹ̀. Ìbéèrè tí ó gbé dìde kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní: nígbà tí àkọsílẹ̀ bá fi hàn pé ikú irú èyí ṣọ̀wọ́n, ṣé ó ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́ ni, àbí ìtìjú àti ìbẹ̀rù òfin ni ó bò ó mọ́lẹ̀?

Yábàá, Làǹtòrò àti Aró

Ọdún 1907 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé wèrè ti Yábàá ní Èkó. Ète pàtàkì ilé náà ni láti kó àwọn tí orí wọn dàrú kúrò ní ìgboro, kí wọ́n má baà di wàhálà fún ìlú. Ìtọ́jú kò tó nǹkan níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún dá ilé kan sílẹ̀ ní Làǹtòrò, Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n kó díẹ̀ sí nínú àwọn ọmọ ogun tí ogun ti ba ọpọlọ wọn jẹ́.

Ìyípadà dé ní ọdún 1954. Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìwòsàn tuntun lọ́wọ́. Kò dúró de kí wọ́n kọ́ ilé náà parí. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kí àwọn aláìsàn máa gbé yàrá lọ́dọ̀ wọn. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ẹbí kan wá, ìyá, ìyàwó tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ fún un tí yóò sì máa bá a lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó sì ń gbọ́ ìmọ̀ràn wọn. Ètò abúlé Aró yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Asuni fúnra rẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1967, nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti Amẹ́ríkà, láti yẹ ètò náà wò.

Ètò yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ tí a ń sọ. Oníṣègùn tí ó bá ń rí aláìsàn nínú yàrá títì nìkan kò lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ẹni náà tó dé. Ní Aró, ẹbí wà níbẹ̀, aládùúgbò wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìbànújẹ́ ṣe wọlé, tàbí ìgbà tí ọtí bẹ̀rẹ̀ sí gba ojú oúnjẹ, yóò rí ẹni bi.

Ìpara-ẹni nínú èrò àti ìtàn Yorùbá

Kò yẹ kí a rò pé àwọn Yorùbá kò mọ ìpara-ẹni kí òyìnbó tó dé. Ìtàn Ọ̀yọ́ kún fún un. Nígbà tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ Aláàfin, Basọ̀run a fi àmì ránṣẹ́ sí i, igbá òfìfo tàbí ẹyin ayékòótọ́, ọba náà kò sì gbọdọ̀ rí oòrùn ọjọ́ kejì. Àwọn ìjòyè kan wà tí àṣà là á sílẹ̀ fún pé wọ́n gbọ́dọ̀ bá ọba kú. Abọ́bakú ni à ń pè wọ́n. Nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àṣà náà dúró, ìjà tí ó ti ibẹ̀ yọ sì di eré orí ìtàgé lọ́wọ́ Dúró Ládiípọ̀ àti Wọlé Ṣóyínká.

Àwọn ikú wọ̀nyí jẹ́ ikú ọlá ní ojú àwọn tí wọ́n gba àṣà náà gbọ́. Òwe tí ó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ jẹ́ ti irú èrò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú ẹni tí ayé sú, tí ó dá nìkan lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, jẹ́ ohun ìríra. A kì í sin irú òkú bẹ́ẹ̀ bí a ti ń sin àgbà tí ó kú ikú ọ̀wọ̀. Ètùtù ni a máa ń ṣe, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé náà. Ẹ̀rí tí ó hàn jù lọ nípa ìtìjú yìí ni ti Ṣàngó. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ sọ nípa bí ó ṣe kú ni àwọn olùsìn rẹ̀ ń takò di òní nípa gbólóhùn kan ṣoṣo: Ọba kò so. Gbólóhùn náà di orúkọ ibùdó, ó di oríkì, ó sì di àríyànjiyàn tí kì í tán.

Níbi tí ìtìjú bá ti pọ̀ tó báyìí, ẹbí kì í yára sọ òtítọ́ fún àjèjì, pàápàá bí àjèjì náà bá wọ aṣọ ọlọ́pàá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ ka irú ikú bẹ́ẹ̀ ti le.

Àpilẹ̀kọ ọdún 1962

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1961, Lambo pe ìpàdé àwọn oníṣègùn ọpọlọ gbogbo Áfíríkà àkọ́kọ́ sí Abẹ́òkúta. Àwọn àlejò wá láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ìpara-ẹni ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà wà lára ohun tí Asuni kọ fún ìpàdé náà, àpilẹ̀kọ rẹ̀ sì jáde ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, nínú British Medical Journal, pẹ̀lú àkọlé “Suicide in Western Nigeria”.

Ohun tí ó fi ṣe iṣẹ́ náà ni àkọsílẹ̀ kọ́rónà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí òfin yàn láti wádìí ikú òjijì. Bí wọ́n bá rí òkú tí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa á, ọlọ́pàá a gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, oníṣègùn a yẹ òkú wò bí ó bá ṣeé ṣe, kọ́rónà a sì ṣe ìdájọ́. Àwọn ìwé wọ̀nyí, ti ìparí àwọn ọdún 1950, ni Asuni kó jọ ní gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí ó sì kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí òǹkàwé rántí pé ẹkùn náà nígbà yẹn tóbi ju ilẹ̀ Yorùbá lọ. Àwọn Ẹ̀dó, Urhobo, Itsekiri àti Ìgbò ìwọ̀-oòrùn odò Ọya wà nínú rẹ̀ títí di ọdún 1963 tí wọ́n gé Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò. Ìkànìyàn ọdún 1952 ka nǹkan bí mílíọ̀nù 6 ènìyàn níbẹ̀.

Ohun tí ó rí ni pé iye àwọn tí àkọsílẹ̀ sọ pé wọ́n pa ara wọn kò tó ènìyàn 1 nínú 100,000 lọ́dún. Ní England àti Wales ní àkókò kan náà, iye náà lé ní 10 nínú 100,000. Ọkùnrin pọ̀ ju obìnrin lọ nínú àwọn tí ó kú, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn. Asuni kò fi ọ̀rọ̀ mọ sí ìṣirò. Ó wo ọjọ́ orí, ó wo ìdí tí àwọn ẹlẹ́rìí sọ, àìsàn ara àti àìsàn ọpọlọ, ó sì wo ojú tí àwùjọ fi ń wo irú ikú bẹ́ẹ̀.

Àkọsílẹ̀ kọ́rónà ní àléébù tí kò fara sin. Ọ̀pọ̀ abúlé jìnnà sí àgọ́ ọlọ́pàá. A kì í pẹ́ sin òkú, pàápàá láàárín àwọn Mùsùlùmí. Ẹbí tí ó bá mọ òtítọ́ lè sọ pé àìsàn ni tàbí pé ẹni náà jábọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi iye náà ṣe òdiwọ̀n gbogbo ikú tí ó ṣẹlẹ̀ yóò ṣìnà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá jù ú nù pátápátá yóò ṣìnà pẹ̀lú. Àlàfo tí ó wà láàárín iye tí kò tó 1 àti iye tí ó ju 10 lọ tóbi, ó sì ṣòro láti sọ pé fífi pamọ́ nìkan ni ó fà á.

Nọ́ńbà kan, ìtumọ̀ méjì

Àpilẹ̀kọ náà wọ inú àríyànjiyàn kan tí ó ti ń lọ ṣáájú. Ní ọdún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé J. C. Carothers jáde, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya. Carothers sọ pé ìbànújẹ́ tí ó di àìsàn ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn adúláwọ̀, pé ìpara-ẹni ṣọ̀wọ́n láàárín wọn bákan náà, ó sì wá ìdí rẹ̀ sínú ìṣẹ̀dá ọpọlọ àti ìwà wọn. Ó tilẹ̀ fi èrò ọmọ Áfíríkà wé ti aláwọ̀ funfun tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí iwájú ọpọlọ rẹ̀. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, iye kékeré jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọ Áfíríkà kò ní ìjìnlẹ̀ ọkàn tí yóò fi banú jẹ́ dé ojú ikú.

Nítorí náà, ohun tí ó wà nínú ewu tóbi. Asuni rí iye kékeré, iye tí ẹni tí ó tẹ̀lé Carothers lè gbé rù bí ẹ̀rí tirẹ̀. Ìwà àwọn onímọ̀ tí kò ní ìgboyà ni láti fi irú iye bẹ́ẹ̀ pamọ́, tàbí kí wọ́n bù sí i. Asuni tẹ̀ ẹ́ jáde bí ó ti rí i, ó sì fi ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí síwájú sí i.

Ìwádìí náà sì tẹ̀lé e kíákíá. Ní ọdún 1961, Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti ní abúlé 14 tí ó wà ní àgbègbè rẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ jáde ní ọdún 1963. Wọ́n rí i pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tí ó ṣe déédéé pẹ̀lú orúkọ tí àwọn oníṣègùn òyìnbó fún àìsàn ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àmì àìsàn náà pọ̀: àìsùn, àìlèjẹun, ẹkún láìnídìí, ìrònú, àìní agbára. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọkàn òun kò balẹ̀, pé ara òun wúwo, pé ayé ti sú òun, àìsàn ni ó ń sọ, àní bí kò bá mọ orúkọ rẹ̀. Ìbànújẹ́ kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ojú tí a fi ń wá a ni kò mọ ibi tí yóò wò.

Bí ìbànújẹ́ bá wà tí ikú sì ṣọ̀wọ́n, ohun kan ní láti dúró láàárín méjèèjì. Émile Durkheim, onímọ̀ àwùjọ ará Faransé, ti kọ ní ọdún 1897 pé bí okùn tí ó so ènìyàn mọ́ ẹbí, ẹ̀sìn àti ìlú bá ṣe le tó ni ìpara-ẹni yóò ṣe dínkù tó. Agbo ilé Yorùbá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í dá sùn tí kì í sì í dá jẹun, jẹ́ irú okùn bẹ́ẹ̀. Ìtìjú tí ó ń fi òtítọ́ pamọ́ fún kọ́rónà lè jẹ́ ohun kan náà tí ó ń dá ọwọ́ ẹni tí ayé sú dúró. Ṣùgbọ́n okùn a máa já. Ẹni tí ó bá kó lọ sí ìlú ńlá, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń gbé yàrá kan láìní ará nítòsí, kò ní agbo ilé mọ́.

Òfin àti àwọn tí wọ́n yè é

Ní ọdún 1967, Asuni tẹ àpilẹ̀kọ mìíràn jáde nínú West African Medical Journal, lórí àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti pa ara wọn ṣùgbọ́n tí wọ́n yè é. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí wúlò ní ọ̀nà tí ìwé kọ́rónà kò lè wúlò, nítorí pé alààyè lè sọ ti ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin dúró ní ẹnu ọ̀nà. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà sọ pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀, ó sì lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 1. Ìwé òfin náà ti ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá. Wọ́n lò ó ní Àríwá láti ọdún 1904, wọ́n sì nà án dé gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1916. Ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tiwọn ní ọdún 1961. Nàìjíríà ti gba òmìnira ní ọdún 1960, nítorí náà àtúnṣe náà kò kàn án. Ẹrù tí onílé ti sọ kalẹ̀ ni àlejò ṣì ń rù.

Àbájáde rẹ̀ hàn gbangba. Ẹbí tí ó bá gbé ẹni wọn lọ sí ilé ìwòsàn lè bá ọlọ́pàá pàdé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ a purọ́ fún dókítà, a sì padà mú aláìsàn lọ sílé kí ìtọ́jú ọkàn tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù lọ láti tún gbìyànjú.

Láti agbè ẹmu dé ìgò bíà

Ọtí ti wà nínú ìgbé ayé Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹmu ọ̀pẹ, ògùrọ̀ àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo pọn ni ọtí ìbílẹ̀. A fi ọtí bọ òrìṣà, a fi í tọrọ ìyàwó, a fi í parí ìjà. Ìtàn kan náà tí ó sọ bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ó kìlọ̀ nípa ọtí: Ọbàtálá mu ẹmu yó, ó sì sùn nígbà tí iṣẹ́ Olódùmarè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùsìn rẹ̀ kò fi ń mu ẹmu. Ẹmu fúnra rẹ̀ ní ìdíwọ̀n tirẹ̀. Kì í pẹ́ kí ó tó kan, a kì í sì í lè kó o pamọ́ fún oṣù méjì. Nínú agbo ni a ti ń mu ún, lójú àgbà.

Ọtí líle láti òkèèrè yí èyí padà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jíìnì Yúróòpù di owó àti ọjà ní etíkun. Àdéhùn Saint-Germain ti ọdún 1919 gbìyànjú láti dín ọtí òwò kù ní Áfíríkà, ìjọba sì fi òfin de pípọn ọtí líle nílé. Nígbà tí owó di ọ̀wọ́n ní àwọn ọdún 1930, àwọn ènìyàn kọ́ bí a ti ń se ẹmu di ògógóró, iṣẹ́ náà sì gbilẹ̀ nínú igbó láìka ọlọ́pàá sí. Bíà wá tẹ̀lé e. Ọdún 1949 ni wọ́n kọ́kọ́ pọn bíà Star ní Èkó, ọdún 1962 sì ni ilé ìpọntí Guinness ṣí ní Ìkẹjà. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹni tí ó ń gba owó oṣù lè ra ọtí ní ìgò, ní ìgbàkígbà, kí ó sì dá mu ún.

Àkókò yìí gan-an ni Asuni fi ń ṣe àkóso Aró. Ó ti kọ̀wé lórí igbó mímu ní ọdún 1964, nínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró. Lẹ́yìn náà, ó ṣe àkójọ àwọn aláìsàn tí ọ̀ràn ọtí gbé wá sí Aró láti ọdún 1963 dé 1973. Ìwádìí ọdún mẹ́wàá yìí fi hàn pé àwọn tí a gbà sílé ìwòsàn nítorí ọtí nìkan kò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àwọn aláìsàn yòókù. Òǹkàwé tí ó bá ti mọ àpilẹ̀kọ ọdún 1962 yóò rí i pé ìbéèrè kan náà ni ó tún padà wá. Ọ̀mùtí kì í ka ara rẹ̀ sí aláìsàn. Àwùjọ kà á sí aláìníláárí, ìjọ kà á sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó di ìgbà tí ọtí bá sọ ọ́ di wèrè pátápátá, tàbí tí ó bá ṣe ènìyàn léṣe, kí wọ́n tó rántí Aró. Ìdí nìyí tí Odejide àti Michael Olatawura, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti Ìbàdàn, fi jáde kúrò nílé ìwòsàn lọ bi àwọn ará ìgbèríko léèrè nípa ọtí mímu. Ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1977.

Bí bárakú ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí ó ṣe kan ìpara-ẹni

Ní ọdún 1976, Griffith Edwards àti Milton Gross ṣàpèjúwe bárakú ọtí ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń tẹ̀lé títí di òní. Wọ́n ní kí a má wo bí ènìyàn ṣe ń yó nìkan. Kí a wo bí ọtí ṣe ń gba ipò iwájú lọ́wọ́ iṣẹ́, ọmọ àti oúnjẹ. Bí ìwọ̀n tí ó ń pa á tẹ́lẹ̀ kò ṣe ran án mọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n ní òwúrọ̀ tí ọtí kò tíì dé ọ̀fun. Bí ó ṣe ń mu ún láti fi dá gbígbọ̀n náà dúró. Bí ó ṣe mọ̀ pé òun kò lè ṣàkóso ara òun. Àti bí ẹni tí ó ti fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan ṣe ń padà sí ìwọ̀n àtijọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ohun yìí ṣáájú wọn. Nígbà tí a bá sọ pé ọtí ti di bárakú fún ẹnìkan, a ti sọ pé ìfẹ́ inú rẹ̀ nìkan kò tó láti fi í sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà tí ọtí ń gbà mú ewu ìpara-ẹni pọ̀ jẹ́ méjì. Èkíní jẹ́ ti ọjọ́ pípẹ́: ọtí ń ba ọpọlọ nínú jẹ́, ń mú ìbànújẹ́ jinlẹ̀, ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ń lé aya àti ọ̀rẹ́ lọ, títí okùn tí ó so ènìyàn mọ́ àwùjọ yóò fi já. Èkejì jẹ́ ti wákàtí díẹ̀: ẹni tí èrò ikú ti wà lọ́kàn rẹ̀ tí ó sì mutí, ọtí ń mú ìbẹ̀rù tí ì bá dá a dúró kúrò. Àwọn àgbà ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní amutí-gbàgbé-ìṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé bí ọtí bá dá lójú, ìṣẹ́ ṣì wà níbi tí ó wà. Nítorí èyí ni oníṣègùn tí ó bá ń tọ́jú ọ̀mùtí fi gbọ́dọ̀ béèrè nípa èrò ikú ní gbangba. Ìbéèrè náà kì í gbìn ín sí i lọ́kàn. Ó máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni.

Ní ìkọjá ẹnu ibodè

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn orílẹ̀-èdè tí Faransé ṣàkóso gbà. Ní Dakar, Henri Collomb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Fann bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950 láti mú ẹbí wọ inú ìtọ́jú, bí Lambo ti ṣe ní Aró. Wọ́n sì dá ìwé ìròyìn Psychopathologie africaine sílẹ̀ ní ọdún 1965. Ní Niamey, olú ìlú Niger, níbi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti fìdí múlẹ̀ tipẹ́, inú ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ni ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà. Ìwé òfin Faransé ti ọdún 1810 kò ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ọ̀daràn, ọ̀nà yìí sì ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí jogún. Ìtìjú wà níbẹ̀ bí ó ti wà ní Abẹ́òkúta, nítorí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ka ọtí àti ìpara-ẹni sí èèwọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà ní ẹnu ibodè kan ṣoṣo yìí fi hàn pé ìtìjú àṣà àti ìjìyà òfin jẹ́ ohun méjì, a sì lè mú ọ̀kan kúrò láìfọwọ́ kan èkejì.

Ogún tí ó fi sílẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Asuni jẹ́ olùdarí ilé ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìdènà ìwà ọ̀daràn ní Rome. Ní ọdún 1986, òun àti O. A. Pela kọ àpilẹ̀kọ lórí lílo oògùn olóró ní Áfíríkà, ní ọdún 1994 sì ni ìwé tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ lórí ìlera ọpọlọ ní Áfíríkà jáde ní Ìbàdàn.

Ìbéèrè ọdún 1962 rí ìdáhùn tuntun nígbà tí Oyè Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dẹ́kun dídúró de ìwé kọ́rónà. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé, wọ́n sì bá ènìyàn 6,752 sọ̀rọ̀. Nínú wọn, ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún ti ro ikú fún ara wọn rí, ìdá 0.7 sì ti gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tí a bá fi àpapọ̀ àgbàlagbà Nàìjíríà ṣírò, ìdá kékeré yìí jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sí nínú ìwé ilé ìwòsàn tàbí ti ọlọ́pàá kankan. Lórí ọtí, Abiọ́dún Adewuya fi hàn ní ọdún 2005 pé ìbéèrè mẹ́wàá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe láti fi mọ ẹni tí ọtí ti ń ṣe ìpalára fún ṣeé lò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà.

Òfin ni ó rìn lọ́ra jù. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 pàṣẹ pé kí ilé ẹjọ́ rán ẹni tí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Nàìjíríà rí òfin ìlera ọpọlọ tuntun gbà, èyí tí ó rọ́pò òfin wèrè tí ó ti wà láti ìgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí fòfin de ọtí inú ọ̀rá, tí owó táṣẹ́rẹ́ lè rà. Àwọn tí ń ṣe é fárí gá, ìjọba sì sún un síwájú. Títí di ọdún 2024, abala 327 ṣì wà nínú ìwé òfin àpapọ̀.

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò, ó ju 700,000 ènìyàn lọ tí ń kú báyìí lọ́dọọdún ní ayé, tí nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn sì wà ní orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀. Iṣẹ́ tí Asuni bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkójọ ìwé kọ́rónà ti di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó, Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Abẹ́òkúta. Ní Aró, aláìsàn ṣì ń dé, ẹbí sì ń bá a wá.